Ta Ló Ni Òkè Ìrọ́jú

Wọ́n gbé Mọ̀nú sínú oòrùn kí ó lè jẹun. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ fi aṣọ funfun nu ojú rẹ̀, ó gbé e ka orí àpótí, ó sì jókòó tì í bí adìẹ tó sàba lé ẹyin. Abọ́ dígí ràgàjì kan ni, òun ni ìgbìmọ̀ fi ń mọ ẹni tó bá purọ́, kò ní apá, kò ní ẹsẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ará Òkè Ìrọ́jú tó péjọ sábẹ́ àtíbàbà ló ń wò ó bí ẹni ń wo ajá àlejò tí a kò tíì mọ̀ bóyá ó ń bùnijẹ.

Ìbídùn jókòó ní ìlà iwájú. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni Màmá Ẹ̀búté wà, arúgbó tó tọ́ ọ dàgbà, tó fi àgbọ̀n ti orí ọ̀pá rẹ̀ tí kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀kánkán wọn ni Ọláṣebìkan jókòó sí, òun nìkan, lórí àga tí àwọn ará òkè yá a. Ọmọ àbúrò bàbá Ìbídùn ni. Inú àgọ́ àwọn tí wọ́n lé kúrò nílùú ni wọ́n bí i sí, kò fojú kan òkè yìí rí títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó dé, kò sí ẹni tó nílò láti fi òun àti Ìbídùn han ara wọn. Imú kan náà ni wọ́n ní.

Adájọ́ Fẹ̀hìntọlá, obìnrin àgbàlagbà tó ń darí ìgbìmọ̀ náà, bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Ohun tí wọ́n fi rán wa kò pọ̀. Ìjọba Amúnisìn Kejì ní àwọn ra òkè yìí. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n rà á, àbí wọ́n fi ẹ̀tàn gbà á? Ìyẹn nìkan la wá wádìí.”

Alàgbà Ayéjùyọ̀, olórí àwọn aláwọ̀n, dìde ní ẹ̀yìn. “Adájọ́, ẹ jọ̀wọ́, tó bá jẹ́ pé wọ́n rà á ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé ti orílẹ̀-èdè wa ni báyìí. Ẹ ó máa gbé ibẹ̀ lọ.”

“Tó bá jẹ́ ẹ̀tàn?”

“Òfin Ìdápadà ní kí ilẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹbí tó ni ín. Ẹni tí kì í bá ṣe ẹbí yóò kó kúrò kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó dé.”

“Ibo la ó kó lọ?”

Adájọ́ náà gbé awò rẹ̀ padà sójú. “Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, Bàbá.”

Alàgbà náà jókòó. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé òkun ti gba ilé àwọn èèyàn rẹ̀. Ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà rí, ẹja ló ń gba ibẹ̀ kọjá nísinsìnyí. Apẹja ni wọ́n ní etí òkun; nígbà tí Ìjọba Amúnisìn Kejì kó wọn dé orí òkè pé kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ omi, wọ́n na àwọ̀n wọn sókè láàárín òpó méjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dẹ kùrukùru. Lójoojúmọ́, kùrukùru a gba inú àwọ̀n kọjá, omi a máa kán tó-tó-tó sínú ọ̀pá, àwọn ìlú gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ a sì rí nǹkan mu. Àwọn amúnisìn náà ti lọ. Wọ́n ní àwọn wá gba èèyàn lọ́wọ́ òkun, wọ́n sì gba ilẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọ̀n wà níbẹ̀, àwọn tó ń ran án sì wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán àná ni Alàgbà Ayéjùyọ̀ wá bá Ìbídùn nílé, níbi tó ti ń di àwọ̀n tó ya.

“Ìyá Dúró,” ni alàgbà wí, nítorí Dúró ni orúkọ àkọ́bí rẹ̀, “ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Bí o bá ní o kò rántí, ta ni yóò bá ọ jà?”

“Mọ̀nú ni, Bàbá. Yóò pọ́n. Wọn yóò da ẹ̀rí mi nù. Ilẹ̀ tí kò bá sì ní ẹlẹ́rìí, gbàǹjo ni wọn yóò lù ú. Ẹ mọ àwọn tó ń ra ilẹ̀ omi ní gbàǹjo.”

“Mo mọ̀ wọ́n.” Alàgbà náà fi ọwọ́ nu ojú. “Nítorí náà, bó o bá purọ́, a gbé. Bó o bá sọ òótọ́, a gbé.”

Màmá Ẹ̀búté, tó wá kí Ìbídùn lọ́sàn-án náà, gbọ́ wọn láti inú yàrá. Ó jáde, ó sì bá alàgbà náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe tí inú bá bí i gan-an. “Ayéjùyọ̀, má kọ́ ọmọ mi ní irọ́ nítorí ibi tí a ó sùn.” Ó wá yíjú sí Ìbídùn. “Ìwọ náà. N kò fún ọ lóúnjẹ kí o lè san án padà lọ́la. Sọ ohun tí ojú rẹ rí.”

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà dun Ìbídùn ni pé òun náà mọ bí oúnjẹ yẹn ṣe wá. Ìjọba Amúnisìn Kejì ti kó ìdílé rẹ̀ lọ sí àgọ́ kan ní ilẹ̀ gbígbẹ lápá àríwá. Ìyá rẹ̀ kú síbẹ̀, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bàbá àgbà rẹ̀ ní òun kò ní í sùn sílẹ̀ àjèjì. Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n sá, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn padà sí òkè. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn èèyàn òkun ti ń gbé inú ilé wọn. Bàbá arúgbó náà dúró níwájú ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́, bí àlejò tó ń wá ẹni tí yóò júwe ọ̀nà fún un. Obìnrin kan ṣí ilẹ̀kùn. Kò bi wọ́n pé ta ni yín. Ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó ní, “Ẹ wọlé, omi wà.”

Ẹni tó bá gba ìsáǹsá sílé nígbà yẹn, wọn yóò gé omi àti oúnjẹ rẹ̀. Àwọn èèyàn òkun mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n kó ẹrù kúrò ní yàrá bàbá àgbà, wọ́n dá a padà fún un láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí àwọn ẹyẹ irin bá ń fò káàkiri òkè láti wá àwọn tó sá, abẹ́ òkìtì àwọ̀n ni wọ́n máa ń fi Ìbídùn pamọ́ sí. Òórùn òkun ṣì wà lára àwọ̀n wọ̀nyẹn. Títí di òní, bó bá gbọ́ òórùn yẹn níbikíbi, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀.

“Ìyá Dúró, ẹ máa bọ̀,” ni akọ̀wé wí.

Ó dìde. Ó gbé ọwọ́ lé Mọ̀nú. Ó tutù, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ọrùn ẹyẹlé.

“Ẹ sọ orúkọ yín.”

“Ìbídùn, ọmọ Ajílékè.”

Funfun ni abọ́ náà tàn.

“Ẹ pa irọ́ kan kí gbogbo èèyàn lè rí bó ṣe ń ṣe.”

Ìbídùn ronú díẹ̀. “N kò mọ àwọ̀n ran.”

Abọ́ náà pọ́n bí epo pupa. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, Màmá Ẹ̀búté pàápàá fi ètè rẹ́rìn-ín díẹ̀. 

“Ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní wọ́n ra òkè?” ni Adájọ́ bèèrè.

“Mo wà níbẹ̀. Àárín ẹsẹ̀ bàbá àgbà mi ni mo jókòó sí.”

“Ẹ sọ fún wa.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ní ọkọ̀ òfuurufú kan tí kì í dún ló gbé wọn wá, àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ àti ògbufọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa. Wọ́n mú dígí pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́. Ògbufọ̀ ní àwọn ọ̀gá òun fẹ́ yá orí òkè, níbi tí kùrukùru ti ń fẹnu kan ilẹ̀, títí ọ̀dá yóò fi kọjá. Bàbá àgbà ní kò burú, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, a kì í fi ilẹ̀ dù ú. Ṣùgbọ́n kí ó tó tẹ ọwọ́ lé dígí náà, ó tún bèèrè.

“Ó ní, ‘Ṣé yíyá ni?’ Ògbufọ̀ ní yíyá ni. Bàbá àgbà wá ní ó dára, nítorí a kì í ta òkè. Ó ní ẹni tó bá rà á kò ní í rí i gbé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀.”

Mọ̀nú wà ní funfun.

Agbẹjọ́rò ìjọba, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀, dìde. “Ìyá, ẹ dákun. Wọ́n gbé àpótí kan fún bàbá àgbà yín lọ́jọ́ náà, àbí wọn kò gbé e?”

“Wọ́n gbé e. Àpótí tó ń mú omi tutù ni.”

“Nínú àkọsílẹ̀ wọn, àpótí yẹn ni owó ilẹ̀.”

“Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é lójú wa.”

“Ṣé ẹ gbà á?”

“A gbà á. Èmi ni mo kọ́kọ́ mu omi inú rẹ̀. N kò mu omi tútù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.”  Ìbídùn ṣì ń rí ìgbádùn omi náà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ojú sì tì í pé ó ń rántí adùn nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. “Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Bí ẹnì kan bá fún ọ ní nǹkan, o ó dúpẹ́. Ẹni tó dúpẹ́ kò tíì ta ilẹ̀.”

Agbẹjọ́rò náà wo Mọ̀nú. Funfun ni. Ó jókòó, ó ní, “Mi ò ní ìbéèrè mọ́.”

Adájọ́ Fẹ̀hìntọlá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi gbójú sókè. “Ìgbìmọ̀ yìí ti gbọ́. Wọn kò ra Òkè Ìrọ́jú. Ẹ̀tàn ni wọ́n fi gbà á.”

 Ẹnì kan ń sunkún lẹ́yìn, ó ń gbé e mì. Ní ọ̀kánkán, Ọláṣebìkan ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.  Ìbídùn rò ó pé gbogbo ayé rẹ̀ ni bàbá ọmọ yìí fi ń sọ ìtàn òkè fún un nínú àgọ́, ó sì kú kí ó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Kò lè bínú sí i. Kò sì lè wẹ̀yìn wo àwọn tí ìdájọ́ náà yóò lé kúrò.

“Ó ku ohun kan,” ni Adájọ́ wí. “Ẹ má tíì gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ dárúkọ ẹbí yín tó wà láàyè, kí a lè mọ àwọn tí a ó dá ilẹ̀ padà fún.”

“Ọláṣebìkan, ọmọ àbúrò bàbá mi. Àti àwọn ọmọ tí mo bí.”

Funfun.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdáhùn ti parí, ó yẹ kí Ìbídùn gbé ọwọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára ọwọ́ ọ̀hún níbi tó wà lórí dígí, ó sì rí àwọn ìlà tí okùn àwọ̀n ti fà sí ẹ̀gbẹ́ ìka rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń di okùn yẹn jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kò múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó kàn rí i pé ẹnu òun ti là.

“Ẹ̀yínadé, tí ẹ ń pè ní Màmá Ẹ̀búté. Ìyá mi ni.”

Gbogbo ojú yí sí abọ́ náà. Ó wà ní funfun.

Agbẹjọ́rò ìjọba dìde kíá. “Adájọ́, ẹbí ni òfin wí. Kò wí alábàágbé.”

“Ṣé òfin sọ ẹni tó ń jẹ́ ẹbí?”

Ọ̀dọ́kùnrin náà yẹ ìwé ọwọ́ rẹ̀ wò. “Kò sọ ọ́, Adájọ́. Àwọn tó ṣe é rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n.”

“Bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìyá Dúró, ẹ máa bá a lọ.”

“Alàgbà Ayéjùyọ̀,” ni Ìbídùn wí.  “Àwọn sójà wá mú mi lọ́jọ́ kan. Ó dúró níwájú wọn, ó ní ọmọ òun ni mí. Mọ̀nú kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá wà níbẹ̀, n kò rò pé ì bá pọ́n. Àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn tó bá mi pín oúnjẹ tí kò tó àwọn fúnra wọn jẹ. Mojírọ́lá tó gbẹ̀bí gbogbo ọmọ mi. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ fún bàbá àgbà mi nígbà tó kú, tí wọ́n fi orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn sin ín, tí wọ́n sì wá bi mí pé orin wo ni ìdílé tèmi ń kọ, kí wọ́n lè kọ ìyẹn náà.” Ó ń dárúkọ wọn lọ, ilé dé ilé. Nígbà tó yá, àwọn tí kò tíì gbọ́ orúkọ tiwọn kò bẹ̀rù mọ́. Wọ́n kàn ń dúró dè é. Kò fo ẹnì kan. “Àwọn ni ẹbí mi. Kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ gbà wọ́n sílẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí ni.”

Mọ̀nú kò pọ́n rárá. Akọ̀wé tó jókòó tì í tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé òun ni kò rí i rí.

Adájọ́ yíjú sí Ọláṣebìkan. “Ìwọ náà jẹ́ ẹbí tó ni ilẹ̀. Wá gbé ọwọ́ lé e. Kí lo rí sí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ wí?”

Ọkùnrin náà wá. Ó wo Ìbídùn kí ó tó sọ̀rọ̀, ó sì kí i pẹ̀lú orí títẹ̀. “Àǹtí mi, ẹ má bínú. Wọn kì í ṣe ẹbí tèmi. N kò mọ̀ wọ́n. Bàbá mi ní kí n rí i dájú pé mo padà sórí ilẹ̀ wa, mo sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún un.”

Funfun náà ni.

“Òtítọ́ méjì nìyí,” ni Adájọ́ wí, “n kò sì lè fi ọ̀kan pa èkejì.” Ó gbàyè díẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó dìde dúró láti ka ìdájọ́. Òkè Ìrọ́jú padà sọ́wọ́ ẹbí tó ni ín. Apá ìwọ̀ oòrùn, níbi tí àwọn ilé àti ọ̀pọ̀ àwọ̀n wà, di ti Ìbídùn àti gbogbo àwọn tó dárúkọ, kò sì sí ẹni tí yóò lé wọn. Apá ìlà oòrùn di ti Ọláṣebìkan, kí wọ́n kó àwọ̀n tó wà níbẹ̀ kúrò, kí wọ́n fà á lé e lọ́wọ́.

Alàgbà Ayéjùyọ̀ kò mọ ìgbà tí òun dọ̀bálẹ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ lọ súà. Orin ọpẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó rọra ń gòkè bọ̀ títí àtíbàbà fi kún fún un. Láàárín rẹ̀ ni Dúró, ọmọ Ìbídùn, rántí, tó sì sọ ọ́ sí ìyá rẹ̀ létí. “Màámi, ìlà oòrùn ni ilé yín wà.”

“Mo mọ̀,” ni Ìbídùn wí.

Ọláṣebìkan ti gbọ́. “Àǹtí mi, ẹ dúró sínú ilé yín. Ta ni yóò lé yín?”

Ìbídùn wò ó. Ó rò ó pé ọkùnrin yìí kò ní ibì kan láyé tó lè pè ní tirẹ̀ rí. “Ẹ ṣé, àbúrò mi. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilẹ̀ náà tù yín lára. Ṣùgbọ́n mo ti sọ àwọn tí mo jẹ́ ẹbí wọn. N ó lọ bá wọn gbé. Kànga kan wà lẹ́yìn ilé náà, ẹ má jẹ́ kí koríko bò ó.”

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ará òkè tú ilé rẹ̀. Pátákó òṣíbàtà ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ewé omi gbígbẹ tí a tẹ̀ pọ̀ tí ó fúyẹ́ bí apẹ̀rẹ̀, nítorí náà wọ́n gbé ògiri rẹ̀ ní odindi lé èjìká. Ẹnì kan mú fèrèsé. Ẹnì kan ru òrùlé bí ẹni dé fìlà. Nígbà tí wọ́n yíjú wẹ̀yìn, Ọláṣebìkan ló wà lábẹ́ ògiri tó kẹ́yìn, òun àti Alàgbà Ayéjùyọ̀, bí alárù méjì tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn ti bára mu.

Màmá Ẹ̀búté jókòó sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn, ó ń wo bí ilé ṣe ń bọ̀ lórí ẹsẹ̀. Ìbídùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù. Láti ìgbà èwe ló ti ń wá ọ̀nà láti sọ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbà á lọ́kàn pé òní ni òun rí i.

“Mọ́mì, ẹ ṣé. Ẹ ṣé tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn.”

Arúgbó náà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì fi í síbẹ̀ díẹ̀. “Mo gbọ́,” ni ó wí. “Dìde, ìkúnlẹ̀ ti tó. Àwọn tó ru ilé ń làágùn. Lọ sọ ibi tí o fẹ́ kí ẹnu ọ̀nà rẹ kọjú sí fún wọn.”

Ìbídùn dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù, ó sì lọ dúró sórí ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ júwe.